Osùn, Làálì àti Kútẹ́ẹ̀sì Ojú Omi: Ìtàn Èékánná Kíkùn ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Mùṣín

Kí ìgò kútẹ́ẹ̀sì tó wọ ọjà Èkó, osùn àti làálì ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá fi ń kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Osùn ni ìyẹ̀fun pupa tí a ń rí nígbà tí a bá lọ igi osùn lórí ọlọ, òun ni a fi ń kun ẹsẹ̀ ìyàwó àti ara abiyamọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára kí omi ìwẹ̀ tó ṣàn án lọ. Làálì yàtọ̀ sí i. Ewé igi kékeré kan ni, tí a ó sá gbẹ, tí a ó gún kúnná, tí a ó fi omi pò títí yóò fi ki, kí a tó lé e lé èékánná kí a sì dì í mọ́jú. Nígbà tí a bá sì tú u ní òwúrọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti wọ inú èékánná, kò kàn dúró lórí lásán. Nítorí pé èékánná ọwọ́ kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ lóṣù kan, ó di ìgbà tí èékánná bá hù tì í jáde kí làálì tó tán. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní ìdí pàtàkì láti fẹ́ràn rẹ̀, nítorí omi àlùwàlá ń kan èékánná tí a fi làálì kùn, bẹ́ẹ̀ kútẹ́ẹ̀sì ń dí omi lọ́nà.

Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni orúkọ làálì ti wá, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àlùmọ́gàjí, irin tí a fi ń gé nǹkan, ṣe ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ìsopọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe àfiṣeré, nítorí ní Èkó, ọwọ́ àwọn ọmọ Òkè Ọya ni iṣẹ́ èékánná gígé wà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un. Ọkọ̀ ojú irin tó so Èkó pọ̀ mọ́ Kano ní 1912 mú kí ìrìn àjò láàárín ibẹ̀ àti Èkó rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Òkè Ọya tẹ̀dó sí oríṣiríṣi àdúgbò, títí kan Ìdí-Àràbà ní Mùṣín. Agékàánná kì í polówó pẹ̀lú ẹnu: àlùmọ́gàjí ni yóò máa lù mọ́ ara wọn ní ọwọ́ kan, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, bí ó ti ń gba ojú pópó kọjá, ẹni tó bá sì fẹ́ gé èékánná yóò pè é wọlé.

Àwọn oníbàárà náà pọ̀ sí i bí Mainland Èkó ṣe ń kún. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó jà ní Èkó ní 1924 ló mú kí ìjọba dá àjọ tó ń tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928, àjọ náà sì la Yábàá sí àdúgbò tuntun. Láti 1955 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ìdílé lọ sí Sùúrùlérè.

Kútẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́. Northam Warren ló dá Cutex sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1911, oògùn tó ń rọ awọ ìdí èékánná ló sì kọ́kọ́ tà, kí ọ̀dà èékánná tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ní Èkó, orúkọ náà ti di ti gbogbo ọ̀dà èékánná, ẹnikẹ́ni ìbáà ṣe é. Ìbátan ọ̀dà mọ́tò ni ọ̀dà yìí, nítorí èròjà kan náà tó ń mú ọ̀dà mọ́tò àtijọ́ dán ló wà nínú rẹ̀, a sì fi omi olóòórùn líle tó ń yára fẹ́ lọ pò ó. Lẹ́yìn náà ni èékánná àtọwọ́dá dé, tí a ń fi gúlúù lẹ̀, tí a sì ń fi àkírílíìkì mọ. Ọjà Tejúoṣó ní Yábàá, tó jóná ní 2007, tí a sì ṣí tuntun rẹ̀ ní 2014, àti àwọn òpópónà tó yí i ká, jẹ́ ibi tí a ti ń rí àwọn ọ̀dọ́, ọkùnrin pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń fíìsì èékánná fún obìnrin lórí àpótí kékeré.

Ọ̀nà tó nílò ìfarabalẹ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni kíkun kútẹ́ẹ̀sì láti ojú omi. Ẹni tó bá ti rí epo mọ́tò tó tàn ká lójú ọ̀gbàrá ní Ojúẹlẹ́gba ti rí ìlànà rẹ̀: ohun tí omi kò lè yọ́, tó sì fúyẹ́, yóò tẹ́ lójú omi bí awọ tín-ínrín. A ó kọ́kọ́ kun èékánná ní funfun, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó sì fi Vaseline pa awọ ìka yí i ká. Omi inú ife kò gbọdọ̀ tutù nini, kò sì gbọdọ̀ gbóná. A ó kán ẹ̀kán kútẹ́ẹ̀sì kan láti ibi tó sún mọ́ omi, yóò tàn di òbìrìkìtì. A ó kán àwọ̀ mìíràn sí àárín rẹ̀, yóò ti àkọ́kọ́ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ títí òrùka mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò fi wà nínú ara wọn. Abẹ́rẹ́ ni a ó wá fi fa àwọn òrùka náà láti inú sí ìta di ewé òdòdó, láìkan òrùka tó wà létí pátápátá, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ gbẹ, ó sì ń fa gbogbo rẹ̀ ya. A ó tẹ èékánná wọlé pẹrẹsẹ, a ó fi òwú kó ìyókù kúrò lójú omi kí a tó gbé ìka jáde. Kútẹ́ẹ̀sì tó ti pẹ́, tó ti ki, kì í tàn; ìsàlẹ̀ ife ló ń rì sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún àṣìṣe ìgò.

Àwọn ará Japan ti ń fi yíǹkì ṣe irú àwòrán ojú omi yìí sórí ìwé ní ọ̀rúndún 12, àwọn ará Turkey sì ní tiwọn, ebru, tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ àṣà ìran ènìyàn ní 2014. Ní ọjà tí oníbàárà ti ń kánjú, ọ̀nà tó ń gba ìka kọ̀ọ̀kan ní ife àti àkókò kò lè bá gúlúù du iyì, ojúlówó ibi tó yẹ ẹ́ sì ni ilé, lọ́wọ́ ẹni tó ní ọjọ́ Sátidé kan láti lò. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọ̀gá máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní i kí wọ́n tó gba fíríìdọ̀mù, nítorí kò sí ohun tó ń kọ́ ọwọ́ ní sùúrù pẹ̀lú kútẹ́ẹ̀sì tó o. Àwòrán tó bá ti wọ orí èékánná kan kò sí lójú omi mọ́. Ìka tó kàn yóò dúró de ẹ̀kán mìíràn.