Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wọn Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi ọkàn sí ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń kà lójú kọ̀ǹpútà ni a ti wọ̀n kí ó tó dé ojú wa. Bọ́tìnnì tí a kọ ọ̀rọ̀ sí lára, àpótí tí a ń kọ orúkọ sí, ibi tí ìlà kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀: ní gbogbo wọn, ẹni tí ó ṣe ètò náà ti ní láti béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí ó ṣe ga tó. Ìbéèrè yìí dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìtàn ìdáhùn rẹ̀ ni ìtàn ohun tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ gbà pé ó ń jẹ́ lẹ́tà, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí ìdáhùn náà ti ṣe lọ́ṣẹ́.

Ní ayé ìtẹ̀wé òjé, ọ̀rọ̀ ní ara. Nígbà tí Johannes Gutenberg tẹ Bíbélì rẹ̀ ní ìlú Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé òjé tí a lè fi ọwọ́ mú. Kí etí ìlà lè dọ́gba, ó dá lẹ́tà bíi 290 oríṣi: òmíràn fẹ̀, òmíràn tín-ín-rín, òmíràn sì jẹ́ lẹ́tà méjì tí a so pọ̀. Irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí náà ni Henry Townsend gbé dé Abẹ́òkúta, níbi tí Ìwé Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1859. Bí òǹtẹ̀wé bá ní lẹ́tà tí ó ní àmì lórí tàbí ní ìdí, kò sí ìjà kankan lórí ìwọ̀n rẹ̀, nítorí a ti da lẹ́tà àti àmì pọ̀ sára òjé kan ṣoṣo. Àyè tí ègé òjé náà bá gbà ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ gbà yí èyí padà ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọ̀nà kìíní ni ti Tolbert Lanston, ará Amẹ́ríkà, tí ó gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ Monotype ní ọdún 1887. Nínú ètò rẹ̀, a pín ìbú lẹ́tà tí ó fẹ̀ jù lọ sí ìdá 18. Lẹ́tà bí M a máa gba gbogbo 18, lẹ́tà bí i a sì máa gba ìdá 5 péré. Bí òṣìṣẹ́ ti ń tẹ bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ro ìdá wọ̀nyí pọ̀, tí ó sì ń sọ iye àyè tí ó kù kí ìlà tó kún. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di iye tí a lè ṣírò kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ táìpù, èyí tí ilé iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1874. Lórí ẹ̀rọ yìí, àyè kan náà ni i àti M ń gbà. Ẹni tí ó bá ti ka iye lẹ́tà ti mọ ìbú ọ̀rọ̀. Èrò yìí rọrùn débi pé ó wọ inú kọ̀ǹpútà lọ: káàdì tí IBM gbé jáde ní ọdún 1928 ní àyè 80 fún lẹ́tà 80, ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ sì jogún 80 náà. Ní tiwa, ẹ̀rọ táìpù tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì kò ní ẹ, ọ àti ṣ. A máa ń táìpù tán ni, kí a tó mú bírò fi àmì sí i. Àmì di ohun tí ẹ̀rọ kò kà mọ́ lẹ́tà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà Alto jáde láti ibùdó Xerox ní Palo Alto ní ọdún 1973, ojú rẹ̀ jẹ́ àkójọ èérún ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, lẹ́tà sì padà ní ìbú tirẹ̀. Macintosh gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ní ọdún 1984. Nínú QuickDraw tí Bill Atkinson kọ fún un, àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ StringWidth: ẹ fún un ní ọ̀rọ̀, yóò sọ iye èérún ìmọ́lẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́. Java, tí ó jáde ní ọdún 1996, ní irú rẹ̀ nínú ohun tí ó pè ní FontMetrics. Ọgbọ́n Lanston náà ni: tábìlì kan sọ ìbú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a sì rò wọ́n pọ̀. Ní ti gíga, a ń wọn ohun tí ó yọ sókè láti orí ìlà tí lẹ́tà dúró lé, a sì ń wọn ohun tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Ìṣirò yìí péye bí kọ́ọ̀dù kan bá jẹ́ lẹ́tà kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti wọ́ gan-an nìyí. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fún ẹ, ọ àti ṣ ní kọ́ọ̀dù bí àkókò ti ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tiwọn. A ní láti kọ ẹ, kí a sì to àmì ohùn lé e gẹ́gẹ́ bí kọ́ọ̀dù mìíràn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀. Ojú rí lẹ́tà mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà rí kọ́ọ̀dù mẹ́rin, tàbí mẹ́fà bí a bá ya àmì ìdí náà sọ́tọ̀. Nínú ìlànà UTF-8, báìtì mẹ́sàn-án ni. Èwo nínú wọn ni gígùn ọ̀rọ̀ náà? Kò sí èyí tí ó sọ bí ó ṣe fẹ̀ tó. Ètò tí ó bá fún àmì ohùn ní àyè tirẹ̀ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí tí ó bá gé orúkọ níbi kọ́ọ̀dù kan pàtó lè já àmì kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀.

Ti gíga tún burú jù. Bí a bá fi lẹ́tà lásán wọn àpótí, Ẹ̀ ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ènìyàn kì í rí àyè fún orí àti ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá gé orí, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù yóò di ọkọ ìyàwó. Bí a bá tún gé ìdí, gbogbo wọn di oko. Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ kì í ṣe ẹwà, ìtumọ̀ ni.

Àwọn kan a máa wí pé kí a kúkú pa àmì tì, kí ara lè rọ ẹ̀rọ. N kò gbà. Èdè Vietnam náà ń to àmì sórí àti sí ìdí lẹ́tà kan náà, ìyẹn ni ệ, Unicode sì fún un ní kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ìyẹn fi hàn pé iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ẹ̀rọ. N kò sì sọ pé dandan ni kí a gba kọ́ọ̀dù tuntun. Ìlànà OpenType, tí Microsoft àti Adobe kéde ní ọdún 1996, ti fún ẹni tí ń ya lẹ́tà ní ọ̀nà láti sọ ibi tí àmì yóò dúró lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ń wọn ọ̀rọ̀ wọ̀n ọ́n lódindi, bí yóò ti hàn lójú, dípò kí ó máa ro ìbú kọ́ọ̀dù pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ti pọ̀ nísinsìnyí. Mo ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan dán àpótí wọn wò. Kí wọ́n kọ Ẹ̀ ńlá sínú rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá àmì orí àti ti ìdí hàn pé. Àpótí tí kò bá gba Ẹ̀ kò tíì gba orúkọ wa.