Ta Ni Ó Sanwó Ẹnu Ọ̀nà? Ìtàn Owó Tí Ń Ṣílẹ̀kùn Àṣà àti Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì fún Ará Ìlú

Ní ọjọ́ ọdún Ifá, kò sí ẹni tí ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà ojúbọ. Awo ń wọlé, ọ̀gbẹ̀rì ń wọlé; àlejò tí ó ti òkè òkun wá àti ọmọdé tí ìró ìlù fà wá láti àdúgbò kejì jọ ń jẹ nínú oúnjẹ kan náà. Ẹni tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ yóò pe èyí ní ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n obì kì í hù sí ojú ọpọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ kì í fi ara rẹ̀ ta ọjà lọ́rẹ. Ẹnìkan ti sanwó kí àlejò tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní àgbègbè wọ̀nyí ni kò tíì fojú kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí, àfi nínú fíìmù tí ó sọ babaláwo di òṣìkà. Bí a bá fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ibi tí a ti ń fi àṣà tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì hàn án láìsí pé àìlówó òbí rẹ̀ dí i lọ́nà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè: àwọn wo ni wọ́n ti ń san irú owó bẹ́ẹ̀ rí, kí sì ni ó ti ìdí rẹ̀ yọ?

Ìlànà àwọn àgbà

Ní ìlú Yorùbá, gbogbo agbo ni ó máa ń pín ìnáwó ọdún láàárín ara wọn. Ọba a mú tirẹ̀ wá, àwọn agbo ilé a dá owó jọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a mú ìpín tirẹ̀ wá, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́dún tí ó kọjá tí ire rẹ̀ sì dé a wá san ẹ̀jẹ́ náà. Nítorí pé ọwọ́ pọ̀, ẹrù náà kì í wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn jù.

Ẹ̀kọ́ Ifá pàápàá ní ètò owó tirẹ̀. Ọmọ awo kì í gbé owó ilé-ìwé lọ bá olúwo rẹ̀. Yóò bá a gbé, yóò bá a lọ sí oko, yóò gbé àpò tẹ̀lé e lọ sí òde, yóò sì máa kọ́ ojú odù mẹ́rìndínlógún àti àwọn ọmọ odù tí ó mú gbogbo rẹ̀ di 256. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí ń gbà. Ẹ̀kọ́ náà ní iye tí ó tó, ṣùgbọ́n wọ́n sọ iye náà di iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù, èyí tí ọmọ tálákà ní bí ọmọ olówó ṣe ní in.

Bákan náà ni ti ìdáfá. Ẹni tí ó wá wádìí ọ̀rọ̀ yóò mú owó díẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí i ní ohùn jẹ́jẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Láyé owó ẹyọ, owó náà kò tó nǹkan, kò sì lè lé tálákà sẹ́yìn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń wá lọ́wọ́ òfìfo, nítorí pé owó kékeré náà ni ẹni náà fi ń sọ pé òun ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àwọn àgbà ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀fẹ́ àti owó pọ́ọ́kú kí ìjọba kankan tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Dókítà Randle àti omi Oníkán

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí ó ṣe kedere jù lọ nípa ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú ni ti Dókítà John Randle. Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1855. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní 1908, òun àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n sì bá ìjọba amúnisìn jà lé lórí ni owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará Èkó.

Ọkùnrin tí ó bá ìjọba jà lórí owó omi yìí kan náà ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún ará ìlú ní Oníkán, kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ó kú ní 1928. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà bàjẹ́. Ní àsìkò tiwa ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tún ibẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì kọ́ John Randle Centre for Yoruba Culture and History sí i, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣílẹ̀kùn tí ìjọba kọ̀ láti ṣí. Èkejì ni pé ọrẹ ọjọ́ kan kò tó láti fi tọ́jú ohun tí a óò máa lò lójoojúmọ́. Ẹni tí ó kọ́ ilé sanwó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa gbá a, tí yóò máa kùn ún, tí yóò sì máa sanwó òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó lọ́dọọdún.

Ọkọ̀ sinimá àti ọ̀rọ̀ eku

Sáyẹ́ǹsì náà ní ìtàn ọ̀fẹ́ tirẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní 1924 ni àrùn burúkú tí eku ń tàn kálẹ̀ wọ Èkó. Òyìnbó kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera, William Sellers, bẹ̀rẹ̀ sí í lo sinimá láti kọ́ àwọn ènìyàn bí àrùn náà ṣe ń ràn àti bí a ṣe ń gbógun ti eku. Ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀, Sellers sì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ọkọ̀ sinimá ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba, tọmọdé tàgbà á sì jókòó wò ó láìsan kọ́bọ̀.

Àǹfààní wà níbẹ̀: ìmọ̀ ìmọ́tótó dé ibi tí ilé-ìwé kò dé. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó sanwó ni ó yan ohun tí ará ìlú yóò wò. Ẹ̀rọ kan náà tí ó fi ọ̀rọ̀ eku hàn ni wọ́n fi ń yin ìjọba amúnisìn nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹni tí ó bá ń wá olówó tí yóò ṣe agbátẹrù ètò ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ rántí èyí, kí ó sì mọ ibi tí àṣẹ olówó yóò pin sí.

Owó àgbẹ̀ oníkòkó

Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìlẹ̀kùn tí a tíì ṣí nílẹ̀ Yorùbá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní 1955. Ọ̀fẹ́ ni fún òbí ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ṣùgbọ́n owó orí pàtàkì tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, pẹ̀lú owó tí àjọ tí ń ra kòkó fi pamọ́ nínú iye tí ó yẹ kí ó dé ọwọ́ àgbẹ̀, wà lára ohun tí ó gbé e ró.

Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí owó orí náà. Nígbà ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀ gan-an lọ́wọ́ NCNC, owó orí yìí sì wà lára ìdí tí àwọn òǹkọ̀tàn ń tọ́ka sí. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ kíláàsì tán, ti àwọn òbí sì rí ohun tí owó wọn ṣe, ẹgbẹ́ náà padà borí nínú ìdìbò agbègbè ti 1956. Ará ìlú kì í kórìíra sísan owó fún ọ̀fẹ́ bí wọ́n bá fojú rí ibi tí owó náà wọlé sí.

Orí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní 1938, bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí ààfin. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ ṣí ní 1954, ti Oníkán ní Èkó tẹ̀lé e ní 1957. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn orí náà ti bọ́ sí ọjà, ó sì dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939.

Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó dá British Museum sílẹ̀ ní 1753. Tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ni wọ́n fi kó owó jọ fún un, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1759 láìgba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Ní Amẹ́ríkà, owó tí James Smithson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí, fi sílẹ̀ nínú ìwé ìpíngún rẹ̀ ni wọ́n fi dá Smithsonian sílẹ̀ ní 1846, níbi tí àwọn ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ti ìtàn tí ó wà ní Washington kì í ti í gba owó ẹnu ọ̀nà. Owó ìjọba ọdọọdún ni ó ń gbé àwọn ilé méjèèjì ró jù lọ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè rìn wọlé lọ wo orí Ifẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàfò, tí ó jẹ́ pé baba ńlá rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó bá wọn gbé ní àsìkò tí wọ́n ń rọ irú orí bẹ́ẹ̀, kò lè rí i láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Àìgba owó ní ẹnu ọ̀nà nìkan kò sọ nǹkan di ti gbogbo ayé.

Ọ̀nà jíjìn ni ẹnu ọ̀nà tiwa

Ìtàn ọ̀nà ni ìtàn àwọn ìlú wa. Ojú irin tí ó kúrò ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, gba Ìfọ̀ kọjá. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba Ìbàfò àti Mowé kọjá, ó sì sọ oko àwọn Ẹ̀gbá tí kò jìnnà sí ilẹ̀ ìrẹsì Ọ̀fadà di ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jí lọ sí Èkó láàárọ̀. Ọ̀nà méjèèjì ń gbé àgbà lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ tí ó fẹ́ dé Oníkán, tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, yóò kọ́kọ́ rí owó ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀, yóò sì rí àgbà tí yóò tẹ̀lé e. Owó ọkọ̀ yìí ni tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe ètò tí yóò dúró, ohun mẹ́rin ni ìtàn yìí fi kọ́ wa. Kí a gbé ètò lọ bá àwọn ọmọ, bí ọkọ̀ sinimá ti ṣe: ọpọ́n, ìrọ́kẹ́, ewé àti ẹ̀rọ awòràwọ̀ lè dé ọgbà ilé-ìwé ní Mowé ní owó tí kò tó ti ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọ. Kí owó náà ti ọwọ́ púpọ̀ wá, láti ọwọ́ àwọn agbo ilé, ẹgbẹ́ onílé, àwọn oníṣòwò àti ìjọba ìbílẹ̀, kí ó má baà kú bí olówó kan bá kú. Kí a máa ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún, kí wọ́n lè fojú rí i bí àwọn òbí ọdún 1955 ti rí i. Kí a sì fi hàn gbogbo ẹni tí ó bá sanwó pé owó rẹ̀ ra ìjókòó fún ọmọdé. Kò ra àṣẹ lórí ohun tí awo tàbí olùkọ́ yóò sọ.

Àwọn kan ń sọ pé ohun tí a bá gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í níyì lójú ẹni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbà sì ti dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú owó ìdáfá. Ẹni tí ó ní, kí ó mú owó tí ó tó wá. Ẹni tí kò ní, kí ó mú èyí tí agbára rẹ̀ ká, ì báà ṣe gbígbá ilẹ̀ ojúbọ. Olùwádìí tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá kó ìmọ̀ jọ lè san ti ara rẹ̀, kí ó sì san ti ọmọ méjì ní Ìfọ̀ mọ́ ọn.

Kí àlejò tó jókòó ti oúnjẹ ọdún yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn pé àwọn wo ni wọ́n dá owó rẹ̀. Wọn yóò dárúkọ wọn fún un. Ìwé tí a ń kọ ìdáwó ọdún tí ń bọ̀ sí wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.