Wọ́n ti ń mòòkùn kí sílíńdà tó dé 🧵

1/ Tẹ́ ẹ bá gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tẹ́ ẹ kọjá Ajah títí dé Lakowe, ọ̀sà wà lápá òsì yín, òkun wà lápá ọ̀tún. Ilé tuntun ló kún àárín. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi lọ kó yanrìn tí Èkó fi ń kọ́lé.

2/ Tẹ́ ẹ bá gbọ́ scuba, òyìnbó tó gbé sílíńdà kọ́ ẹ̀yìn, tó jókòó létí ọkọ̀ rọ́bà, tó wá fẹ̀yìn bọ́ sómi, ló máa wá sí yín lọ́kàn. Ìyẹn ò tíì pẹ́ rárá. Ọdún 1943 ni Cousteau àti Gagnan ṣe Aqua-Lung ní ilẹ̀ Faransé.

3/ Ti etíkun tiwa ti pẹ́ jùyẹn lọ. Lọ́dún 1602, Pieter de Marees tẹ ìwé kan jáde ní èdè Dutch nípa Gold Coast, ìyẹn Gánà òní. Ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ omi í wẹ̀ gan-an, wọ́n sì lè pẹ́ lábẹ́ omi.

4/ Ẹ̀bùn yẹn kó àwọn kan sí wàhálà. Àwọn ará Spéìn kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú lọ sí erékùṣù Margarita ní Fẹnẹsúélà, kí wọ́n máa mòòkùn wá péálì fún wọn.

5/ Lọ́sàa Èkó, yanrìn ni wọ́n ń mòòkùn wá. Awayanrìn á ri àkàsọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ onígi, á di garawa mú, á fa èémí sínú, ó di ìsàlẹ̀. Á bu yanrìn, á gun àkàsọ̀ padà, á dà á sínú ọkọ̀. Ó tún di ẹ̀ẹ̀kan sí i. Tí ọkọ̀ bá kún, wọ́n á ta ìgbòkun lọ sí èbúté. Ibẹ̀ ni típà ti ń gbé e.

6/ Ẹ gbọ́ èyí: òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó gbé sílíńdà ni pé kò gbọdọ̀ di èémí mú. Atẹ́gùn tó ń fà nísàlẹ̀ ti fún pọ̀. Tó bá dì í mú tó ń gòkè, á máa fẹ̀, ó sì lè ya ẹ̀dọ̀fóró. Awayanrìn ní tiẹ̀, òkè ló ti fa èémí, ìdí nìyẹn tó fi lè dì í mú. Ṣùgbọ́n omi ò mọ ọ̀gá: bó ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ etí sí i.

7/ Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kì í sinmi mí, awayanrìn ò lè bá a du ú. Iṣẹ́ ọwọ́ baba wọn ń bọ́ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

8/ A mọ orúkọ Cousteau. A mọ orúkọ gbogbo ẹ̀sítéètì láti Ajah dé Lakowe. Tẹ́ ẹ bá mọ awayanrìn kan, bàbá yín ni o, ẹ̀gbọ́n yín ni o, ẹ lọ bi í bó ṣe kọ́ṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. 🙏🏾