Àwọn Ìlú Amẹ́ríkà Tí A Ń Bẹ̀ Wò Àti Èyí Tí A Ń Gbójú Fò

Tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá ti rí físà Amẹ́ríkà gbà ní Cantonments, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ìlú wo lo ń lọ?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà ju mẹ́rin lọ: New York, Houston, Chicago tàbí Atlanta. A ti gbọ́ orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí títí débi pé ẹni tí kò kúrò ní Nima rí lè júwe wọn fún ọ. Ìdí tí a fi fẹ́ràn wọn kò fara sin. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ wa wà, ẹni tí ó bá sì ní ibi tí yóò dé sí kò ní san owó òtẹ́ẹ̀lì. Ní ti Houston, ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Accra, èlùbọ́ àti gaàrí kò ṣòro rí níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè gbàgbé pé òun ti sọdá òkun.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé ọdọọdún wa ti ọdún yìí ni pé ìtàn tiwa wà ní àwọn ìlú wọ̀nyí tí a kì í yà wò, àti pé ìlú kan wà tí àwọn ènìyàn wa gan-an fi ọwọ́ ara wọn dá ní Amẹ́ríkà, tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú New York ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wa kì í kọjá Bronx, níbi tí àwọn ará Ghana pọ̀ sí, àti Times Square, níbi tí a ti ń ya fọ́tò tí a ó fi ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n Harlem ni ó yẹ kí a lọ. Nígbà tí Kwame Nkrumah jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lincoln University, ní Pennsylvania, Harlem ni ó ti ń ta ẹja ní ẹ̀bá títì nígbà họlidé kí ó lè rí owó jẹun. Ẹja náà kò bá a lára mu, ara rẹ̀ sú, ó sì fi òwò náà sílẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ èyí.

Ní Harlem yìí kan náà ni òpópónà ńlá tí wọ́n fi orúkọ Malcolm X pè wà. Ọkùnrin yìí wá sí Ìbàdàn ní oṣù karùn-ún ọdún 1964. Lẹ́yìn tí ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀ tán, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Láti Nàìjíríà ni ó ti wá sí Accra níhìn-ín, ó sọ̀rọ̀ ní Legon, ó sì fojú rinjú pẹ̀lú Nkrumah. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1965, tí wọ́n yìnbọn pa Ọmọwálé ní gbọ̀ngàn Audubon, ní òkè Harlem. Wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé ìrántí fún òun àti ìyàwó rẹ̀ báyìí.

Ní ìsàlẹ̀ Manhattan, àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ilé ìjọba kan ní ọdún 1991 kan egungun ènìyàn. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú láyé àtijọ́ ni. Òkú 419 ni wọ́n kó jáde níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún wọn sin ní ọdún 2003, Ghana níhìn-ín ni wọ́n ti gbẹ́ pósí tí wọ́n tẹ́ wọn sí. Kì í ṣe pósí onírìísí ẹja tàbí mọ́tò bíi ti Teshie o. Pósí igi tí a fín ọnà sí lára ni. Ibẹ̀ ti di ibi ìrántí ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 2006.

Ẹni tí ó bá lọ sí Chicago, kí ó wọ Art Institute kí ó sì béèrè òpó Ọlọ́wẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914: ọba jókòó, ẹyẹ bà lé adé rẹ̀, ayaba dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga ju ọba lọ. Ó dùn mí pé kò sí ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ tí a bí sí òkè òkun dé iwájú òpó yẹn kò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Àwọn tí ń lọ sí Houston ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Galveston kò jìnnà sí wọn. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbéra ní Accra lọ sí Winneba. Etí òkun ni àwọn ènìyàn wa ń lọ gba atẹ́gùn sí níbẹ̀. Ní ìlú yìí ni ọ̀gágun kan ti kéde ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 pé àwọn ẹrú Texas ti di òmìnira. Èbúté rẹ̀ ni ọkọ̀ kan sì ti gbéra ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ó ń bọ̀ ní Gold Coast. Olóyè Alfred Sam, ọmọ Akan, ni ó kó àwọn aláwọ̀ dúdú Oklahoma jọ, ó ní òun yóò mú wọn padà sí ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n ta oko, wọ́n ta ilé, ọ̀pọ̀ wọn sì pàgọ́ sí Galveston de ọkọ̀ náà. Nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn ni ó rí ààyè wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá wọn rìn ni Orishatukeh Faduma. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, Guyana ni wọ́n bí i sí, Sàró ni ó ti dàgbà. William James Davies ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1887 ó bọ́ ọ sọnù, ó mú orúkọ òrìṣà, ó sì lọ kàwé ní Yale. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró ní Freetown, oṣù kìíní ọdún 1915 ni ó tó dé Saltpond. Nǹkan kò rí bí wọ́n ti rò ó. Àìsàn pa lára wọn, àwọn kan padà, àwọn yòókù fọ́n ká etí òkun Áfíríkà.

Ìlú tí mo ní a kì í dárúkọ ni Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ni wọ́n gbé lọ sí Brazil àti Cuba, nítorí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú láti òkè òkun láti ọdún 1808. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1860, olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó ẹrú wọlé kí ìjọba tó mọ̀. Ó rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ìlú kan nígbà náà, wọ́n ya wọ ibẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, Oluale Kossola, wà lára àwọn tí wọ́n kó. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé agbègbè Bantè ni ìlú rẹ̀ wà, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí èdè àwọn ará ibẹ̀ ti bá tiwa tan. Ènìyàn 110 ni ọ̀gá ọkọ̀ náà kó wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Mobile ní oṣù keje, wọ́n sun ọkọ̀ náà nínú odò kí ẹ̀rí má baà sí.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ẹrú. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1865, wọ́n kọ́kọ́ gbèrò láti tu owó jọ wọkọ̀ padà sílé. Owó kò jọ. Kossola bá lọ sọ fún Meaher pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti kó wọn kúrò nílé, kí ó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, àwọn obìnrin ń ta ewébẹ̀, wọ́n sì fi owó wọn ra ilẹ̀. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Africatown. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 1872, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n yan onídàájọ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ni Gumpa. Ará Dahomey ni Gumpa, ó sì bá ọba tí ó tà wọ́n tan! Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo tún ibẹ̀ kà. Wọn kò dárí jin Dahomey, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kan náà ni òun pẹ̀lú wọn jọ wà.

Kossola fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ méjì-méjì, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Orúkọ ilé tí àkọ́bí rẹ̀ ń jẹ́ ni Ìyàjẹmí. Àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kò mọ bí a ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó bá kà á kò ní béèrè ìtumọ̀. Ọmọ mẹ́fà ni ó bí, gbogbo wọn ni ó sì sin kí òun tó kú ní ọdún 1935.

Ìdí tí ìtàn yìí fi kàn mí nìyí. Àwọn bàbá wa tí ó dé Accra bẹ̀rẹ̀ bákan náà: wọ́n ń kiri ọjà, wọ́n ń dá èsúsú, wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ àdúgbò dó. Lagos Town ni Accra New Town ń jẹ́ nígbà kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹjìgbò àti Ṣakí láti padà sí. Kossola kò ní ibì kankan. Dahomey ti run ìlú rẹ̀. Kí a má sì di ẹ̀bi ru Dahomey nìkan. Àwọn ológun Yorùbá náà kó Yorùbá lẹ́rú nínú ogun ìgbà náà, wọ́n sì tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò etí òkun. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ya wọ Ghana ní ọdún 2019 fún Ọdún Ìpadàbọ̀, tí wọ́n ń sunkún ní Cape Coast, mélòó nínú wa ni ó lè sọ èyí fún wọn?

Láti Atlanta, wákàtí márùn-ún ni mọ́tò fi ń dé Mobile. Ní ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àwókù Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò. Ní oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé ìrántí Africatown Heritage House, díẹ̀ lára pákó ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ère orí Kossola wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹni tí ó bá ní àyè lè gba Selma kọjá. Ìtòsí ibẹ̀ ni Àbákẹ́ gbé, tí wọ́n ń pè ní Matilda McCrear. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ sí kóòtù Selma láti béèrè owó ìtánràn. Wọn kò fún un. Ọdún 1940 ni ó kú, òun ni a sì mọ̀ sí ẹni ìkẹyìn nínú àwọn èrò Clotilda.

Itẹ́ òkú àwọn tí ó dá ìlú náà wà ní Plateau, ní Africatown. Ibẹ̀ ni Kossola ti ya fọ́tò kan fún Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé tí ó wá gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1927 sí 1928. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tí ó dára jù lọ, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya òun láàárín ibojì ìyàwó àti àwọn ọmọ òun. Ó ní òun fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ilé, ní Áfíríkà, ni òun wà.