Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Amóhùnmáwòrán ní Ìbàdàn, 1953 sí 1966

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ti rí i pé ìwé ìròyìn, rédíò àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti pàdé lórí fóònù alágbèéká kan ṣoṣo, wọn a máa rò pé òde òní ni irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kí a tó gba òmìnira. Ohun tí ó yẹ kí a wò nínú ìtàn rẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà.

Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò gan-an ti sọ ìdajì ìtàn náà: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1953, Anthony Enahoro dá àbá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, àwọn Action Group àti NCNC sì bínú jáde. Ni gómìnà, Sir John Macpherson, bá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bá Action Group wí gidigidi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Òfin ọdún 1954 ni ó gba àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion dòwò pọ̀. Western Nigeria Radiovision Service ni wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà. Ìdàpọ̀ rédíò àti àwòrán ti wà nínú orúkọ yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àsọrégèé díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí Algeria ti ní tirẹ̀ láti 1956, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sẹ́ni tí ó ṣáájú Ìbàdàn.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, Action Group pín sí méjì. Awólọ́wọ̀ bọ́ sẹ́wọ̀n, Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni ó ń ṣe ìjọba, ilé ohùn àti àwòrán sì bọ́ sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ilé tí a kọ́ nítorí àtifèsì wá di ilé asọ̀rọ̀mágbèsì mìíràn.

Níbo ni èsì wá gbà jáde? Orí ìtàgé ni. Ní 1964, Hubert Ògúǹdé gbé eré Yorùbá Ronú jáde, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà. Akíntọ́lá wà ní ìjókòó. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, ó sì dìde jáde. Ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ eré náà jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dé Èkó, tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ògúǹdé sì ti kọ orin eré náà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọlọ́pàá lè ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn eré. Ta ni yóò máa wo giramafóònù inú yàrá olúkúlùkù?

Ìbò oṣù Ọ̀wàrà 1965 ni ó mú ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ní àwọn wọlé, gbogbo ìgboro sì ń ké pé ojóóró ni. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá sílẹ̀ sórí téèpù tí rédíò yóò gbé sáfẹ́fẹ́. Ohùn mìíràn ni àwọn tí ó ń gbọ́ rédíò gbọ́, ohùn tí ó ń bú ìjọba. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn. Nínú Ibadan: The Penkelemes Years, tí ó tẹ̀ jáde ní 1994, òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn bí ọ̀rọ̀ téèpù náà ṣe rí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbò náà, àwọn ológun gbàjọba. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, tí ó wá ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní 1966, ni ó mú òfin orí Ògúǹdé kúrò.