Ápíríkọ́ọ̀tù, Álímọ́ńdì àti Igi Fúrúùtù Àpápá: Àyẹ̀wò Orúkọ

Ẹ bi ọmọ Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Àpápá nílùú Èkó, ní orúkọ igi tó na ẹ̀ka pẹrẹsẹ bí agboòrùn lójúde ilé ìwé; fúrúùtù ni yóò pè é. Aládùúgbò rẹ̀ tó wá láti Ẹdó tàbí Dẹ́ltà á ní ebelebo ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é á ní álímọ́ńdì. Orúkọ ìkẹyìn yìí ni mo bá ní ẹjọ́.

Álímọ́ńdì gidi, tí Bíbélì Yorùbá kọ ní almondi nínú ìtàn ọ̀pá Áárónì, Prunus dulcis ni. Ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni ápíríkọ́ọ̀tù, Prunus armeniaca. Carl Linnaeus ará Suwídìn ló sọ èyí lórúkọ ní 1753. Apá kìíní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dà bí orúkọ ìdílé, ìkejì bí orúkọ àbísọ. Armeniaca ń wí pé ará Àméníà ni igi náà, bẹ́ẹ̀ Ṣáínà àti àárín gbùngbùn Éṣíà ni ẹ̀rí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n òfin orúkọ ewéko kì í pa orúkọ rẹ́ torí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ṣìnà. Ká gbìn ín sí Àpápá, kò ní so: ó nílò òtútù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó lè tanná.

Fúrúùtù ò mọ òtútù. Terminalia catappa ni. Linnaeus kan náà ló sọ ọ́, ní 1767. Ketapang inú èdè Malay ló di catappa. Terminalia sì wá láti ara ọ̀rọ̀ Látìn fún òpin, torí ṣóńṣó ẹ̀ka ni ewé rẹ̀ ń kó jọ sí. Etí òkun Éṣíà àti Pàsífíìkì ló ti ṣẹ̀. Èso rẹ̀ a máa léfòó lórí omi iyọ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀ síbòmíràn (Ajégúnlẹ̀ kúkú yẹ ẹ́).

Kóró ló fà á tí wọ́n fi ń pè é ní álímọ́ńdì. Ọmọdé á jẹ ẹran ara èso náà tán, á sá èèpo líle sóòrùn, á fi òkúta fọ́ ọ, á yọ kóró funfun tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ. Ẹni tó bá rò pé ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, kó má dán irú rẹ̀ wò lára ápíríkọ́ọ̀tù: kóró tirẹ̀ ní èròjà tó ń di májèlé sáyánáìdì nínú ikùn.

Ẹbí rósì ni Prunus. Ẹbí Combretaceae ni fúrúùtù, a sì ní ìbátan rẹ̀ nílé. Terminalia superba ni àfàrà, Terminalia ivorensis ni ìdígbó, Terminalia glaucescens ni ìdí ọ̀dàn. Àwọn oníṣòwò pákó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gba idigbo àti afara bẹ́ẹ̀. Bí ìdí bá wà nínú igbó, tó wà lọ́dàn, olùṣe ìwé atúmọ̀ èdè lè pe ti Àpápá ní ìdí etíkun. Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ á ṣáà máa pè é ní fúrúùtù.