Bí ẹ̀rọ GPU ṣe ń bá onímọ̀ tọpa ìsopọ̀ inú ọpọlọ

Bí 1,000 ènìyàn bá péjọ sí Ọjà Igbó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnì kan sì fẹ́ mọ àwọn méjì-méjì tó jọ ń dòwò pọ̀, ìbéèrè 499,500 ni yóò béèrè. Irú iṣẹ́ yìí ló dojú kọ àwọn onímọ̀ tó ń wádìí bí ibì kan nínú ọpọlọ ṣe sopọ̀ mọ́ ibòmíràn.

Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n fi ń ya àwòrán inú ọpọlọ láìfi abẹ kàn án. Ní 1990, Seiji Ogawa, ọmọ ilẹ̀ Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà lè rí ìyípadà ọ́síjìn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ jù. Ibi méjì tí ìlọsókè-sódò wọn bá ń bá ara mu ni wọ́n ń kà sí alábàáṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbáramu nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣan kan so wọ́n pọ̀ tààrà.

Àwòrán kan lè ní ègé kéékèèké 100,000. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìyókù, ìfiwéra náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 5, lórí ẹnì kan ṣoṣo. CPU tí í ṣe olórí inú kọ̀ǹpútà mọ onírúurú iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. GPU, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwòrán eré orí kọ̀ǹpútà, ní ọwọ́ kéékèèké tó pọ̀ lọ jàra, gbogbo wọn a sì jọ máa ṣe ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àdúgbò bá jáde fún ọ̀wẹ̀. Láti 2007 tí iléeṣẹ́ Nvidia ti gbé CUDA síta ló ti rọrùn fún àwọn onímọ̀ láti fi GPU ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidi. Ìbàdàn ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Ní 2001, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè fi hàn pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú 1.15 nínú 100 àwọn Yorùbá Ìbàdàn lọ́dọọdún, nígbà tó ń mú 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwòrán ìsopọ̀ ọpọlọ lè ran irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ MRI ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, owó rẹ̀ sì ga. Bó ti wù kí GPU yára tó, àwòrán tí wọ́n bá kó fún un nìkan ló lè kà.